Ṣẹ́ẹ̀tì Kì í Ṣe Agbádá: Ọ̀rọ̀ tí Mo Bá Àwọn Ọ̀dọ́kùnrin Sọ ní Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, mo kí yín. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n torí yín pè mí, ẹ kú àárọ̀ o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìmúra fún àwọn tó fẹ́ lọ sìnrú ìlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ àti àwọn tó ń wáṣẹ́ kiri. Ìmúra gbòòrò. Bàtà wà ńbẹ̀, irun wà ńbẹ̀, òórùn ara pàápàá wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n télọ̀ ni mí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n tí mo ti ń ránṣọ ọkùnrin ní Adó yìí, ohun tí mo mọ̀ náà ni mo máa sọ: ṣẹ́ẹ̀tì. Ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn, oníkọ́là, èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì.

Ta ló rántí yúnífọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tí wọ́n rán fún un nígbà tó wọ iléèwé? Ẹ wo bí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ó gùn dé orúnkún, àbí irọ́ ni mo pa? Màmá yín ló dúró ti télọ̀ lórí: "Ẹ jẹ́ kó tóbi díẹ̀ o, kó lè wọ̀ ọ́ dé kíláàsì kẹta." Mi ò bá ìyá wí. Owó ò sí, ọmọ sì ń ga sí i lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí ti ga tán. Kí ló wá dé tí ẹ ṣì ń ra ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa dàgbà bá?

Èmi náà ṣe é rí. Lọ́dún 1997, Ìpínlẹ̀ Èkìtì ò tíì pé ọdún kan tí wọ́n dá a sílẹ̀, gbogbo àwa ọ̀dọ́ ìgbà náà la sì gbà pé iṣẹ́ máa pọ̀ ní Adó. Wọ́n pè mí fún íńtáfíù iṣẹ́ akọ̀wé níbì kan. Mi ò ní ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọkùnrin gìrìwò, yá mi ní tirẹ̀, ó funfun báláú. Mo wọ̀ ọ́, ara mi yá gágá. Mo dé iwájú àwọn mẹ́ta tó jókòó sẹ́yìn tábìlì, wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé. Mo na ọwọ́, ọwọ́ ẹ̀wù ló kọ́kọ́ débẹ̀. Mo ká a sókè, ó já wálẹ̀. Mo tún ká a, ó tún já wálẹ̀, bíró sì ti fa ìlà búlúù gbọọrọ sára kọ́ọ̀fù, ìyẹn etí ọwọ́ ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ìyá àgbà tó wà láàárín wọn wò mí látòkè délẹ̀, ó ní: "Ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo fẹ́ gbaṣẹ́ yìí ni, àbí ẹni tó lẹ̀wù?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ni ǹ bá ṣe? Mi ò rí iṣẹ́ náà gbà. Kí n má parọ́, kì í ṣe ẹ̀wù nìkan ló fà á, mi ò mọ ìṣirò tí wọ́n bi mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀wù yẹn ni mo gbé sọ́kàn délé. Kí ọdún náà tó parí, mo ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi nítòsí Ọjà Ọba, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Uṣẹ́ ni, bí àwa Èkìtì ṣe ń pe iṣẹ́ nílé.

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán ni mo tó mọ ohun tó ń dà wá láàmú. Ẹ̀wù ìbílẹ̀ wa kì í bá ara jà. Agbádá, bó bá ti gbòòrò tó ni iyì rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ẹ ó ká apá rẹ̀ lé èjìká, yóò já bọ́, ẹ ó tún un ká, ìyẹn gan-an sì ni ẹwà rẹ̀. Bùbá ńkọ́? Ọrùn rẹ̀ ṣí, ara rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀gbọ́n lè wọ̀ ọ́, àbúrò lè yá a wọ̀. Nínú aṣọ tiwa, aṣọ tó pọ̀ ni ọlá. Ṣẹ́ẹ̀tì ò mọ ìyẹn rárá. Ojú rírán ni iyì tirẹ̀ wà: ibi tí apá ti pàdé èjìká, ibi tí kọ́là ti yí ọrùn ká. Tí ojú rírán wọ̀nyẹn ò bá bọ́ sórí egungun yín, ẹ ò tíì wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ fi aṣọ bora ni.

Ibi méjì ló wà lára rẹ̀ tí kò sí télọ̀ tó máa tún un ṣe fún yín lówó pọ́ọ́kú: èjìká àti ọrùn. Tí ìbàdí bá fẹ̀, mo lè gbà á wọlé. Tí apá bá gùn, mo lè tú kọ́ọ̀fù, kí n gé apá, kí n rán kọ́ọ̀fù padà. Tó bá gùn nísàlẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Àmọ́ láti dín èjìká kù, mo gbọ́dọ̀ tú apá méjèèjì, kí n gé èjìká, kí n tún ihò apá gé, kí n wá máa gbàdúrà pé kí apá àtijọ́ gba ihò tuntun. Owó tí mo máa gbà lọ́wọ́ yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ṣẹ́ẹ̀tì míì. Ẹni tó bá wà lọ́jà, èjìká àti ọrùn ni kó fi yan ṣẹ́ẹ̀tì.

Ìwọ tí o wọ búlúù, dìde wá, ọmọ mi. Má tijú. (Ó jáde wá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́.) Kọjú sí wọn. Ẹ̀yin tó kù, ẹ fọwọ́ lé èjìká tiyín, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ sápá òde. Ẹ ó kan egungun kan tó yọ góńgó, lẹ́yìn rẹ̀ ìka yín á já wálẹ̀ sí apá. Orí egungun yẹn ni ojú rírán èjìká gbọ́dọ̀ wà. Ti arákùnrin wa dà? Ó ti sọ̀ kalẹ̀ sápá. Ẹ jẹ́ kí n fi téèpù wọ̀n ọ́n: ó dín díẹ̀ ní íǹṣì méjì. Ẹ wo bó ṣe wú níbí, bí ẹni pé ó ki ìrọ̀rí sábẹ́ rẹ̀. Ó yá, gbé ọwọ́ rẹ méjèèjì sókè bí ìgbà tí o bá ń yin Olúwa.

(Ṣẹ́ẹ̀tì jáde kúrò nínú ṣòkòtò, ìdodo yọ. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.)

Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀pọ̀ yín ló máa rí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ rò pé ṣẹ́ẹ̀tì yìí ló kúrú. Kò kúrú, ẹ wo bó ṣe gùn tó lẹ́yìn. Ihò apá ló sọ̀ jù. Tí ihò apá bá sọ̀ kalẹ̀ jìnnà sí abíyá, bí ọwọ́ bá ti ń lọ sókè ló máa ń wọ́ gbogbo ara ṣẹ́ẹ̀tì dání. Tí ihò náà bá ga, tó sún mọ́ abíyá láìfún un, ọwọ́ á lọ sókè, ara ṣẹ́ẹ̀tì á dúró síbi tó wà. Èyí ló máa ń ya àwọn oníbàárà mi lẹ́nu. Wọ́n rò pé ihò tó fẹ̀ ló ń fún ọwọ́ láyè. Òdìkejì rẹ̀ ni. O ṣeun, ọmọ mi, lọ jókòó. Má lọ ta á o, ó ṣì wúlò fún oko.

Ó di ọrùn. Ẹ fi téèpù yí ọrùn ká níbi tí kọ́là máa jókòó sí, nísàlẹ̀ gògóńgò díẹ̀. Ẹ má fà á le. Ẹ wá fi ààbọ̀ íǹṣì kún ohun tó bá jẹ́: ẹni tí ọrùn rẹ̀ jẹ́ 15, kó ra 15½. Tí kò bá sí téèpù, ẹ de bọ́tìnnì òkè pátápátá, kí ẹ ki ìka méjì sáàárín kọ́là àti ọrùn. Kí méjèèjì wọlé wẹ́rẹ́ láìfún yín lọ́rùn, kó má sì sí àyè fún ìkẹta. Tó bá fún, ẹ ó máa mí bí ajá tó sáré. Tó bá fẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá so táì ni àṣírí máa tú, torí táì á fún kọ́là jọ bí ẹnu àpò gààrí. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àwọn kì í wọ táì, kí làwọn fẹ́ de bọ́tìnnì òkè fún? Ó dáa. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á ní kí ẹ wọ̀ ọ́.

Kọ́là yìí ní ìtàn tí mo fẹ́ràn. Ní ìlú Troy, ní ìpínlẹ̀ New York l'Amẹ́ríkà, wọ́n ń sọ pé ìyàwó ilé kan tó ń jẹ́ Hannah Montague ló fi sísọ́ọ̀sì gé kọ́là kúrò lára ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ lọ́dún 1827. Ó ti sú u láti máa fọ odindi ẹ̀wù nítorí kọ́là nìkan tó dọ̀tí. Ó fọ kọ́là lásán, ó rán an padà. Ìlú yẹn wá di ìlú tí wọ́n mọ̀ mọ́ kọ́là. Ẹ̀yin ìyá wa, mo rí i tí ẹ ń mi orí. Nígbà ọyẹ́, tí eruku pupa wa bá pàdé òógùn ẹ̀yìn ọrùn, ta ni ò ní mú sísọ́ọ̀sì?

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ òkìrìkà. Mo mọ ibi tí ẹ ti ń rajà, èmi náà ń lọ síbẹ̀, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tú sílẹ̀ látinú béèlì, aṣọ rẹ̀ dáa ju tuntun tó wà nínú ọ̀rá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ nọ́ńbà rẹ̀ kà. Ẹ ó rí 15½ lára lébẹ́ẹ̀lì, wọ́n á wá kọ 34/35 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan jiyàn fún mi títí pé 34 yẹn ni ìbàdí, ó sì ti ra mẹ́rin. Rárá o. 15½ ni ọrùn. 34/35 ni gígùn apá, tí wọ́n ń wọ̀n láti àárín ẹ̀yìn ọrùn, kọjá lórí èjìká, dé ọrùn ọwọ́. Àwa télọ̀ níbí, ojú rírán èjìká la ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí apá tiwa fi máa ń jẹ́ 24 tàbí 25. Ẹ má gbé nọ́ńbà wọn wá bá mi, ẹ má sì gbé tèmi lọ bá wọn. Tí ẹ bá rí 39 tàbí 41 lọ́rùn, ẹ má fò sókè, sẹ̀ǹtímítà ni. 38 tó bí 15, 39 tó bí 15½, 41 tó bí 16. Èyí tó bá kọ M tàbí L nìkan, ìka méjì yín ni kí ẹ gbà gbọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí kọ́là sókè, kí ẹ wo ojú ibi tó ti ṣẹ́ po. Ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbó. Ẹ gbé abíyá rẹ̀ síta sínú oòrùn, àwọ̀ yẹ́lò tó bá ti wà níbẹ̀ kì í sábà lọ mọ́. Ẹ yẹ inú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ lè rí bọ́tìnnì kan tí wọ́n rán síbẹ̀ lásán. Ààrọ̀ ni, fún ọjọ́ tí ọ̀kan bá já. Ẹni tó ṣe irú ìyẹn kò kánjú rán an.

Ti apá ò pọ̀. Kọ́ọ̀fù gbọ́dọ̀ dúró níbi tí egungun ọrùn ọwọ́ ti yọ, kó sì fún mọ́ ibẹ̀ débi pé kò ní lè yọ́ wálẹ̀ bo àtẹ́lẹwọ́. Tí ẹ bá wọ kótù, kí bí ààbọ̀ íǹṣì ṣẹ́ẹ̀tì yọ lábẹ́ ọwọ́ kótù. Tó bá gùn jù, àwọn tó ń gbé maṣíìnì lé èjìká kiri àdúgbò, tí wọ́n ń fi sísọ́ọ̀sì pariwo kẹ́kẹ́kẹ́, wọ́n lè gé e. Ẹ kàn dúró tì wọ́n, kí wọ́n má rán kọ́ọ̀fù ọ̀tún mọ́ ọwọ́ òsì.

Ikùn ló gba sùúrù, nítorí Èkìtì la wà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìwòyí fẹ́ kó lẹ̀ mọ́ra pẹ́tí. Ẹ dúró síwájú dígí láàárọ̀, inú òfìfo, ẹ mí sínú, ó rẹwà. Ó wá di aago méjì ọ̀sán, iyán àti ẹ̀fọ́ rírò ti wọlé, ẹ jókòó. Ẹ wo àárín bọ́tìnnì kẹrin àti ìkarùn-ún: ó ti yanu bí ẹja. Síńgílẹ́ẹ̀tì ń yọjú. Ẹni tó bá wá wọ̀n ara lọ́dọ̀ mi, mo máa ń bi í bóyá ó ti jẹun. Tí kò bá tíì jẹun, mo ní kó jókòó, kó fẹ ikùn rẹ̀ bó ṣe máa ń rí lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n á rò pé àwàdà ni. Tí ẹ bá dúró, tí ẹ fi ìka fa ṣẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi ikùn, kí íǹṣì méjì jáde lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Ó lè tó mẹ́ta fún ẹni tó sanra. Tí àyè bá jù bẹ́ẹ̀, yóò wú bí bàlúùnù lókè bẹ́líìtì. Tó bá dín, tí aṣọ ń fà láti ara bọ́tìnnì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń ya ìlà bí ẹsẹ̀ adìyẹ, ẹ bọ́ ọ fún àbúrò yín.

Tí ẹ bá fẹ́ rán an, yáàdì méjì àbọ̀ máa ń tó ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí aṣọ bá jẹ́ oní-íǹṣì 45 ní fífẹ̀. Ẹ ra kọ́tìnì tí ẹ bá lágbára rẹ̀. Pọ́lísítà kì í rún, òótọ́ ni, kì í sì í tètè gbó, ṣùgbọ́n kì í mu òógùn. Nínú ooru oṣù kẹta, ẹni tó wọ̀ ọ́ dà bí ẹ̀kọ inú ewé. Àdàlù méjèèjì wà, kò burú fún ẹni tí iná kì í sábà dé àdúgbò rẹ̀ láti lọ aṣọ.

Àbùkù kọ́tìnì ni pé ó máa ń sún kì, mo sì ti san owó ìmọ̀ yẹn. Lọ́dún kejì tí mo dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, oníbàárà kan gbé kọ́tìnì funfun wá, ó ń kánjú, mo gé e bẹ́ẹ̀, láìrẹ ẹ́ sómi. Ọjọ́ tó wá gbà á, ó bá a mu rẹ́gí, ó fún mi ní owó kún owó. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ó padà wá, ṣẹ́ẹ̀tì wà nínú ọ̀rá. Kò bú mi. Ó kàn wọ̀ ọ́ níwájú mi, ó gbé bọ́tìnnì òkè lọ bá ihò rẹ̀, wọn ò pàdé. Ìwọ̀n ìka kan ló ṣẹ́ kù láàárín wọn. Mo ra aṣọ míì, mo rán an lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, aṣọ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, omi ló kọ́kọ́ ń wọ̀. Ìlú Troy yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Cluett, Peabody ti ṣe kọ́là àti ṣẹ́ẹ̀tì nígbà kan rí. Ọkùnrin kan níbẹ̀, Sanford Cluett, ló rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún aṣọ kì nínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó gé e, ní nǹkan bí ọdún 1930. Ìyẹn ni Sanforized tí ẹ lè rí lára aṣọ. Ẹni tí kò bá rí i lára aṣọ tirẹ̀, ike omi kan àti òru ọjọ́ kan tó o.

Lọ́dọ̀ télọ̀, ẹ bi í léèrè irú gọ́ọ̀mù tó fẹ́ fi sínú kọ́là. Gọ́ọ̀mù ni aṣọ líle tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ inú kọ́là kó lè dúró. Tó bá jẹ́ yẹpẹrẹ, lẹ́yìn ìfọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin yóò ṣí kúrò, kọ́là á wá máa lé ròrò bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Kò sí áyọ́ọ̀nù tó lè wo ìyẹn sàn. Ẹ sì dákun, ẹ má gbé aṣọ wá lọ́jọ́bọ̀ fún ti Sátidé. Ẹ ń sọ pé télọ̀ ń parọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa.

Tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́, kó ṣì tutù díẹ̀. Kọ́là ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ̀, láti etí wá sí àárín, torí tí ẹ bá ti àárín lọ sétí, rírún á kóra jọ sí igun tí gbogbo ayé ń wò. Ẹ lọ èjìká, kọ́ọ̀fù, apá, kí ẹ tó wá lọ ara. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí àwọn ìyá wa ń fi sí i, mi ò bá wọn jà, ó ń mú kó dúró ṣánṣán. Àmọ́ tó bá pọ̀ jù, ibi tí kọ́là ti ṣẹ́ po á tètè là.

Ó ku wíwọ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì lábẹ́ funfun, kó má fi àyà hàn. Ẹ ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò kí ẹ tó de bẹ́líìtì, kí ẹ tún jókòó lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó jáde nílé, èyí tó bá máa yọ á yọ níbẹ̀. Tí kò bá sí táì, ẹ ṣí bọ́tìnnì òkè nìkan. Ẹni tó ṣí mẹ́ta lọ sí íńtáfíù, mi ò mọ irú iṣẹ́ tó ń wá.

Wọ́n ti ń na aago sí mi. Téèpù wà lápò mi, mo sì mú bébà wá. Ẹni tó bá fẹ́ kí n wọ̀n ọrùn, èjìká àti apá rẹ̀ kó tó lọ, kó tò síbí lápá ọ̀tún, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Oníbúlúù, ìwọ ni kí o wà níwájú.